Akòko: Igi Ọ̀ṣọ́ fún Àgbàlá Kékeré

Dogwood jẹ́ igi ọ̀ṣọ́ tí àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń gbìn sí ọgbà nítorí òdòdó rẹ̀; ẹ̀ka àwọn kan nínú wọn sì máa ń pọ́n rẹ̀rẹ̀ nígbà òtútù, tí ewé bá ti rẹ̀ tán. Igi wo ló lè ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Ìsàlẹ̀ Èkó, níbi tí àyè ti há?

Akòko ni mo mú, èyí tí orúkọ sáyẹ́ǹsì rẹ̀ ń jẹ́ Newbouldia laevis. Ìkíní, ó máa ń ga gbọọrọ, kì í gba àyè púpọ̀. Èkejì, ẹ̀ka rẹ̀ tí a gé tí a sì rì mọ́lẹ̀ máa ń ta gbòǹgbò. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń fi í ṣe ààlà ilẹ̀. Ẹ̀kẹta, òdòdó rẹ̀ aláwọ̀ àlùkò rẹwà, ewé rẹ̀ sì ni a fi ń joyè.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ da kọnkéré sí àgbàlá wa, wọ́n ní kí wọ́n gé akòko tó wà níbẹ̀. Mo bẹ Bàbá àgbà pé kí wọ́n dá a sí, kí wọ́n sì fi erùpẹ̀ sílẹ̀ yí ìdí rẹ̀ ká kí omi òjò lè wọlé.

Wọ́n ní, "Ṣé ìwọ ni yóò máa gbá ewé rẹ̀?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Igi náà ṣì wà níbẹ̀. Èmi ni mò ń gbálẹ̀.