ÀYẸ̀WÒ ṢÁÁJÚ ÀDÉHÙN: Ọ̀RỌ̀ LÓRÍ FÓÒNÙ RÍRÀ

Ọpẹ́ ni fún Allah, Ọba tí Ó ṣí ilẹ̀kùn òwò mímọ́ fún àwọn ẹrú Rẹ̀. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin olùgbàgbọ́ òdodo, ọ̀rọ̀ tí a gbé wá sórí mínbárì lónìí kéré lójú, ṣùgbọ́n ó ń mú ẹkún wọ ilé wa. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà wa ní Odígbó ta kòkó rẹ̀ tán, ó wọ ìlú Ọ̀rẹ̀, ó ra fóònù tí wọ́n pè ní tuntun. Nígbà tí ó délé, fóònù náà ń béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà ẹni tí kò mọ̀ rí. Ó padà lọ. Oníṣọ̀ọ́bù nàka sí ìwé tí ó lẹ̀ mọ́ ògiri pé ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà.

Ànábì wa kọjá lọ́dọ̀ ẹnìkan tí ó ń ta oúnjẹ ní ọjà. Ó ti ọwọ́ bọ inú òkìtì náà, ọwọ́ rẹ̀ sì kan ibi tí ó tutù. Ọlọ́jà ní òjò ni ó pa á. Ànábì bi í ìdí tí kò fi kó èyí tí ó tutù sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i, ó sì yọ oníjìbìtì kúrò lára àwọn tirẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé kò fi ojú nìkan wò ó. Ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀.

Ó tún kọ́ wa pé olùtà àti olùrà ní ẹ̀tọ́ láti yí ọkàn padà títí wọn yóò fi pínyà. Ṣùgbọ́n Ìmáàmù Màlíkì, tí a ń tẹ̀lé ọ̀nà rẹ̀ ní ilẹ̀ yìí, kò fi ìpínyà ti ara ṣe òṣùwọ̀n: lójú tirẹ̀, àdéhùn ti dè wọ́n nígbà tí ẹnu wọn bá ti kò. Nítorí náà, kí ẹ tó sọ pé ẹ gbà, kí ẹ tó kà owó, ni kí ẹ yẹ ọjà wò.

Ẹ tẹ *#06#. Nọ́ńbà tí yóò jáde jẹ́ 15. Ẹ fi wé ti ara páálí, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú rìsíìtì. Ẹ fi síìmù yín sí i, ẹ pe ẹnìkan, ẹ fi ṣájà rẹ̀ gba iná. Ẹ jẹ́ kí oníṣọ̀ọ́bù nu ohun gbogbo inú rẹ̀ kúrò, kí ó tan án bí tuntun níwájú yín. Bí ó bá béèrè ìmeèlì ẹlòmíràn, ẹ fi sílẹ̀. Ó lè jẹ́ ẹrù olè. Ẹni tí kò mọ̀wé kí ó mú ọmọ rẹ̀ dání. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ní ti àwọn tí ń na fóònù olówó pọ́ọ́kú wọ fèrèsé ọkọ̀ Èkó sí Benin tí ó bá dúró ní Ọ̀rẹ̀, ọṣẹ tàbí àfọ́kù táìsì ni ẹ ó bá nínú ọ̀rá. Èrò tí ń pariwo pé òun yóò fi owó kún un, alábàáṣe wọn ni. Ànábì ti ka irú àfikún èké bẹ́ẹ̀ léèwọ̀.

Tòkunbọ̀ kì í ṣe èèwọ̀. Pípè é ní tuntun ni èèwọ̀. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 pàápàá ní kí olùtà fi àkíyèsí sára ọjà tí a ti lò tàbí tí a tún ṣe. Àwọn onímímọ̀ wa fohùn ṣọ̀kan pé àléébù tí olùtà mọ̀ tí ó sì fi pamọ́ fún olùrà ní ẹ̀tọ́ láti dá ọjà padà; ìwé ara ògiri kò lè pa ẹ̀tọ́ náà rẹ́. Àjọ FCCPC sì ń gba ẹ̀sùn irú rẹ̀.

Ẹ̀yin oníṣọ̀ọ́bù tí ẹ bá wa kírun, bí ẹnìkan nínú yín bá rántí fóònù tí ó tà láìsọ àléébù rẹ̀, nọ́ńbà ẹni tí ó rà á lè ṣì wà nínú ìwé títà rẹ̀. Kí ó pè é kí oòrùn òní tó wọ̀.