Ẹ̀kọ́ Kẹsàn-án: Àyà Ń Já, Ẹnu Ń Sọ̀rọ̀

Ẹ ti mọ ọ̀rọ̀ í sọ. Ẹ ń ná ọjà, ẹ ń parí ìjà, ẹ ń bá onímọ́tò fa owó ọkọ̀. Ṣùgbọ́n bí alága ìpàdé bá ní, "Ìyá Elélùbọ́, ẹ dìde, ẹ ka ìṣirò owó ẹgbẹ́ fún wa," nǹkan á yí padà. Àyà á máa lù kì-kì-kì, ọwọ́ á máa gbọ̀n, ẹnu á gbẹ.

Àwọn tó kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ṣáájú yín rò pé àyà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dẹ́kun jíjá kí àwọn tó lè sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ ka èyí sókè: Àyà lè máa já, kí ẹnu máa sọ̀rọ̀. Ẹ tún un kà: Àyà lè máa já, kí ẹnu máa sọ̀rọ̀.

Ohun kékeré méjì wà lórí kíndìnrín wa, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Bí ẹ̀rù bá bà wá, wọ́n á tú oje kan sínú ẹ̀jẹ̀. Adrenaline ni orúkọ rẹ̀. Oje yìí ń ṣiṣẹ́ lára ẹni tó pàdé ejò lọ́nà oko. Ó ń ṣiṣẹ́ lára ẹni tó dìde ní ìpàdé. Òun ló ń mú ọkàn sáré. Ara ń múra iṣẹ́ ni. Kì í ṣe pé ẹ kò mọ ọ̀rọ̀ yín. Kì í ṣe pé ayé ń ṣe yín. Ara ń múra iṣẹ́ ni.

Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan ni àyà ń já. Agbẹjọ́rò ni Gandhi, tó ṣáájú àwọn ará Íńdíà nínú ìjà òmìnira. Ó ti London dé ní 1891. Nígbà tó dìde fún ẹjọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ ní kóòtù kan ní Bombay, kò rí ìbéèrè kan bi ẹlẹ́rìí. Ó jókòó, ó ní kí àwọn tó gbé ẹjọ́ náà fún un gba owó wọn padà, kí wọ́n wá ẹlòmíràn. Nígbà tó yá, ogunlọ́gọ̀ ń dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Kí ẹ tó dìde, ẹ fa èémí sínú, kí ẹ ka ení dé ẹ̀rin. Ẹ rọra mí síta, kí ẹ ka ení dé ẹ̀fà. Ti ìta ni kó pẹ́ jù. Ẹ ṣe é nígbà márùn-ún. Ọkàn á rọlẹ̀ díẹ̀, kò ní rọlẹ̀ tán. Kí ẹ ti há gbólóhùn àkọ́kọ́ sórí láti ilé. Ẹ sọ ọ́.

Ẹ má fi paraga wá ìgboyà. Owó ẹgbẹ́ lẹ fẹ́ kà, ojú tó mọ́lẹ̀ la fi ń kà á. Ẹni tó bá sì rí i pé ìṣirò kò pé, tó dákẹ́ ní ìpàdé, tó wá ń sọ ọ́ lọ́nà ilé, ó ti dalẹ̀ ẹgbẹ́. Bí ohùn ẹlòmíràn bá ń gbọ̀n, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ dákẹ́, kó rí ibi sọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ ṣíṣe: Ní Ọjọ́bọ̀, olúkúlùkù yóò dìde. Ẹ sọ orúkọ yín, iṣẹ́ yín, àti ohun kan tí ẹ fẹ́ kí ìjọba ìbílẹ̀ tún ṣe ní àdúgbò yín.