Ẹ̀ẹ̀mejì Ni Wọ́n Sanwó Ilé Ìwé Wọn

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ fi Maryland ṣe ilé, pàápàá ẹ̀yin ará Prince George's County, mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀. Mo máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn kan nínú yín pé àwọn èèyàn dúdú tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà kò ka ẹ̀kọ́ sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Irọ́ ni, ó sì ń dùn mí.

Ilé ìwé oníyàrá méjì kan wà ní Capitol Heights tí wọ́n kọ́ ní 1927. Ridgeley ni wọ́n ń pè é. Àfàìmọ̀ kí ẹ má ti wa mọ́tò kọjá níwájú rẹ̀ rí.

Láyé ìgbà náà, òfin ló ya ọmọ dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọ funfun. Ìjọba ń gba owó orí lọ́wọ́ tọ̀tún-tòsì, ṣùgbọ́n bó bá kan ilé ìwé ọmọ dúdú, owó á tán. Inú ṣọ́ọ̀ṣì àti inú ahéré tó ń jò ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń kàwé. Ní 1912, Booker T. Washington, tí wọ́n bí sóko ẹrú, bẹ Julius Rosenwald, ọ̀gá iléeṣẹ́ Sears, Roebuck ní Chicago, pé kó jẹ́ kí àwọn fi díẹ̀ nínú owó tó fi ta ilé ẹ̀kọ́ Tuskegee, tí Washington jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, lọ́rẹ kọ́ ilé ìwé mẹ́fà ní ìgbèríko Alabama. Nígbà tí ètò náà máa fi parí ní 1932, ilé tí wọ́n kọ́ ti lé ní 5,300, ní ìpínlẹ̀ 15. Ridgeley wà lára wọn.

Ẹ má rò pé olówó kan ló dá a ṣe. Rosenwald ní kí ará ìlú mú tiwọn wá, kí ìjọba káúntì náà mú tirẹ̀. Owó tí àwọn èèyàn dúdú dá tó mílíọ̀nù 4.7 dọ́là, ti Rosenwald fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 4.4. Ta sì ni wọ́n? Alágbàro ni, alágbàfọ̀ ni. Àwọn kan fi ilẹ̀ sílẹ̀, àwọn kan la pákó, àwọn obìnrin se oúnjẹ tà. Ẹni tó ti san owó orí tún tọwọ́ bọ àpò.

Bí ẹ bá dé Ridgeley, ẹ wo fèrèsé dáadáa. Kò sí iná mànàmáná nígbèríko nígbà náà, nítorí náà wọ́n kọjú fèrèsé gíga-gíga sí ìlà oòrùn tàbí ìwọ̀ oòrùn, wọ́n sì to àga kí ìmọ́lẹ̀ máa gba ọwọ́ òsì ọmọ wọlé, kí òjìji ọwọ́ rẹ̀ má baà bo ohun tó ń kọ. Ẹni tó lè ro ìyẹn fún ọmọ, ṣé òun ni kò ka ẹ̀kọ́ sí?

Lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà dájọ́ ní 1954 pé ìyàsọ́tọ̀ nílé ìwé lòdì sófin, wọ́n ti ọ̀pọ̀ ilé náà pa. Púpọ̀ ti wó. Wọ́n tún Ridgeley ṣe, ó ti di mùsíọ́mù. Ẹ kó àwọn ọmọ yín lọ. Bí ẹ bá bá àgbàlagbà kan pàdé tó lọ irú ilé ìwé bẹ́ẹ̀ léwe, ẹ kí i bí ẹ ṣe ń kí bàbá yín, kí ẹ sì bi í pé ta ló dáwó nínú ìdílé rẹ̀.