Kí A Tó Bá Ẹ̀mí Wí, Ẹ Jẹ́ Ká Yẹ Laptop Wò

Ẹ ṣí Jòhánù orí 9, ẹsẹ 2 àti 3. Nígbà tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rí afọ́jú náà, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n béèrè ni ẹni tó dẹ́ṣẹ̀, ṣé òun ni àbí àwọn òbí rẹ̀. Jésù kò mú ọ̀kan nínú méjèèjì. Ìdí kíbọ́ọ̀dù ni mo ti wá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wa ni.

Ní sáà tó kọjá, à ń kọrin ìyìn lọ́wọ́ ní ọjọ́ Ìsinmi kan nígbà tí ohùn kíbọ́ọ̀dù, èyí tó ń gba inú laptop kọjá sí sípíkà, bẹ̀rẹ̀ sí í ta pàrà-pàrà bí àgbàdo nínú ìkòkò gbígbóná. Á dún, á já, á tún dún. Bùrọ̀dá kan tó jẹ́ aṣáájú wa gba máìkì, wọ́n ní ọ̀tá ń gbógun ti ìsìn, gbogbo ilé sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹ̀mí wí. N kò bínú sí àdúrà. Àmọ́ lẹ́yìn ìsìn, wọ́n pe sístà tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní kó yẹ ara rẹ̀ wò bóyá ẹ̀ṣẹ̀ àìjẹ́wọ́ kan wà. Ẹkún ni mo bá a tó ń sun lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Èmi tí mo wà nídìí ẹ̀rọ ló yẹ kí n sọ̀rọ̀. Mo dákẹ́, torí n kò mọ ohun tó ṣe laptop náà.

Mo fi ọ̀sẹ̀ yẹn wádìí. Ègé-ègé ni kọ̀ǹpútà ń ṣe ohùn. Bí a bá ṣètò rẹ̀ sí 48,000, ègé 48,000 ló ń lọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ó ń kó wọn sínú ohun tí wọ́n ń pè ní buffer, bí ẹni ń fi garawa pọnmi. Garawa kékeré ń tètè dé, ṣùgbọ́n ẹni tó ń pọnmi kò gbọdọ̀ yà síbì kankan. Bí ẹnì kan bá dá a dúró lọ́nà pẹ́nrẹ́n, omi tán nìyẹn, ohùn á já. Garawa ńlá kì í tètè tán, àmọ́ ó ń pẹ́ kó tó kún. Lórí 48,000, buffer 64 jẹ́ nǹkan bí mílísẹ́kọ́ǹdù 1.3, 256 jẹ́ 5.3, 1024 sì jẹ́ 21.3. Ẹni tó bá lo 1024 yóò máa wọ́ tẹ̀lé onílù lẹ́yìn. 64 ni tiwa wà. Èmi fúnra mi ni mo gbé e síbẹ̀, torí mo fẹ́ kí ohùn máa yá.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tí kò fi ta ní ìgbaradì ọjọ́ Àbámẹ́tà? Mo pinnu pé n kò ní yí ju nǹkan kan lọ lẹ́ẹ̀kan: orin kan náà, ìṣẹ́jú márùn-ún, kí n gbọ́, kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Mo yọ ṣájà, pàrà-pàrà dé. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé a yọ ọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi náà, torí ó ń mú kí sípíkà máa kùn hùn-ùn nígbà tí a wà lórí jẹnẹrétọ̀. Bátìrì nìkan ni laptop ń lò, ó sì ti dín agbára ara rẹ̀ kù kí bátìrì má baà tètè tán. Mo pa Wi-Fi, ó dín díẹ̀. Hotspot fóònù mi ló so mọ́, Windows sì ń fa update lábẹ́lẹ̀. Mo gbé ètò agbára sí High performance, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Mo gbé buffer sí 256, ó dákẹ́ pátápátá.

Ní ti kíkùn tí ṣájà ń fà, ẹ so laptop àti mixer mọ́ extension kan náà. Bí kò bá tán, ẹ fi DI box tó ní ground lift sáàárín wọn. Mo ti rí àwọn ará tó ń ṣẹ́ ẹsẹ̀ kẹta pulọ́ọ̀gì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ẹsẹ̀ yẹn ló ń gbé iná tó bá jò wọ ilẹ̀. Bí kò bá sí, ara akọrin tó di máìkì mú ni iná náà lè gbà.

Ẹ tún ka 1 Kíróníkà 15:22. Kenaniah ló ń darí orin àwọn ọmọ Léfì, ìdí tí ibẹ̀ sì fún wa ni pé ó mọ iṣẹ́ náà. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń rò pé ìmọ̀ àti àdúrà jọ ń jà ni.

Ní ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì, mo gbé laptop náà lọ. Mo dá buffer padà sí 64, mo yọ ṣájà, mo tan Wi-Fi, mo sì bẹ bùrọ̀dá wa kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn tẹ kíbọ́ọ̀dù. Ó ta pàrà-pàrà lábẹ́ ìka tiwọn náà. Ilé dákẹ́. Mo sọ fún wọn pé èmi ni mo gbé nọ́ńbà yẹn síbẹ̀. Bùrọ̀dá wa dìde, wọ́n lọ bá sístà níbi tó jókòó sí, wọ́n bẹ̀ ẹ́. Èmi náà bẹ̀ ẹ́, torí tèmi ló burú jù: ẹ̀rọ wà lọ́wọ́ mi, mo sì jẹ́ kó sunkún lọ sí họ́stẹ̀lì. Ó ní òun ti dárí jì wá, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi jókòó sáàárín ìjọ kó tó padà sídìí kíbọ́ọ̀dù.