Omi Ilẹ̀dú fún Ọgbà Ilé

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, àti ní pàtàkì ẹ̀yin olùkọ́ tí ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ wà ní ìtọ́jú yín, ohun tí a ó gbé yẹ̀wò ní oṣù yìí kì í ṣe ohun àjèjì. Ó wà ní ẹ̀yìnkùlé gbogbo wa. Ẹnikẹ́ni tí ó bá wọ oko kòkó ní Ìdànrè láti oṣù kẹsàn-án títí di oṣù kejìlá yóò rí òkìtì èèpo ní ibi tí a ti fọ́ èso náà. A kó hóró inú rẹ̀ lọ sá, a sì fi èèpo sílẹ̀ kí ó jẹrà. Bẹ́ẹ̀ ni bí a bá gbé odindi èso kòkó kan sórí òṣùwọ̀n, èèpo nìkan tó bí ìdá méje nínú mẹ́wàá ìwúwo rẹ̀. Inú èèpo yìí sì ni púpọ̀ nínú èròjà tí àwọn amòye ń pè ní pòtáṣíọ̀mù wà, èyí tí igi náà fi gbòǹgbò rẹ̀ fà láti inú ilẹ̀ wa. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà tí a fi í sílẹ̀ lóko, ìyá ilé ń fi owó ra ajílẹ̀ ní ọjà fún ata àti ẹ̀fọ́ rẹ̀.

Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń béèrè nípa ajílẹ̀ olómi tí a lè fi ọwọ́ ara wa ṣe. Ìbéèrè náà dára. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ń ṣe é ní ọ̀nà tí ó lè mú àìsàn wọ ilé: wọn a rẹ ìgbẹ́ adìẹ tútù sínú omi, wọn a sì dà á sórí ẹ̀fọ́ tí a ó já ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Ẹni tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ rò pé òun ń bọ́ ọgbà. Kò mọ̀ pé òun lè máa bọ́ àrùn pẹ̀lú. Ìdí nìyí tí ẹ̀kọ́ yìí fi tọ́ sí gbogbo ilé.

I. Iṣẹ́ tí omi ń ṣe

Àwọn ìyá wa tí ń se ọṣẹ dúdú ti mọ ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí tipẹ́. Wọn a sun èèpo kòkó di eérú. Wọn a kó eérú náà sínú ìkòkò tí a dá ihò sí nídìí. Wọn a sì bu omi lé e lórí. Omi tí ó ń kán sí ìsàlẹ̀ kì í ṣe omi lásán mọ́. Ó ti gbé agbára inú eérú jáde, tóbẹ́ẹ̀ tí ó lè bó awọ ọwọ́ ẹni tí kò bá ṣọ́ra.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni omi ilẹ̀dú rí. Omi kò ní oúnjẹ kan tirẹ̀ tí ó lè fún ewéko. Ohun tí ó bá bá nínú ilẹ̀dú ni ó ń rù. Bí ilẹ̀dú bá gbó, omi a ru oúnjẹ. Bí ó bá jẹ́ ìgbẹ́ tútù ni a rẹ, omi a ru kòkòrò àrùn. Bí a bá sì rẹ ẹ́ nínú àgbá tí ó ti gbé oògùn kòkó rí, omi a ru májèlé. Kí olùkọ́ kọ ọ̀rọ̀ yìí sí ojú pátákó kí ó tó kọ́ni ní ohunkóhun mìíràn, nítorí gbogbo ìyókù ẹ̀kọ́ yìí ti inú rẹ̀ jáde wá.

II. Ilẹ̀dú ni ó ṣáájú

Kò sí omi ilẹ̀dú rere láìsí ilẹ̀dú rere. Láti 1924 títí di 1931 ni Albert Howard, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, fi ṣe iṣẹ́ yìí ní ìlú Indore ní ilẹ̀ Íńdíà, òun àti Yeshwant Wad sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1931. Ọ̀nà wọn kò le: kí a to èyí tí ó gbẹ àti èyí tí ó tútù ní ipele-ipele, kí a wọ́n omi sí i, kí a sì máa yí i padà kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀.

Kí a yan ibi tí ìbòòji wà, bí abẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ní Ìdànrè níhìn-ín, kí a má ṣe to òkìtì sí orí àpáta tàbí sí ojú ọ̀nà àgbàrá, nítorí òjò kan ṣoṣo lè gbé gbogbo rẹ̀ lọ sí odò. Kí ó jìnnà sí kànga pẹ̀lú.

Kí a fi àdá gé èèpo kòkó sí wẹ́wẹ́, nítorí odindi èèpo a máa pẹ́ kí ó tó jẹrà. Bí a bá to ìwọ̀n mẹ́ta èèpo àti ewé gbígbẹ, kí a to ìwọ̀n kan ewé tútù tàbí ìgbẹ́ adìẹ lé e. Èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ewé Akíntọ́lá tí kò tíì so wúlò fún iṣẹ́ yìí. Kí a má ṣe fi ẹran, epo, ọ̀rá, ìgbẹ́ ajá tàbí ìgbẹ́ ènìyàn sí i. Kí a má sì ṣe da eérú púpọ̀ pọ̀ mọ́ ìgbẹ́ adìẹ tútù. Òórùn tí ó máa ń ta sí ni nímú nígbà náà, náítírójìn ni, tí ó yẹ kí ó bọ́ ewéko, tí ó ń bá afẹ́fẹ́ lọ.

Kí òkìtì náà tó ẹsẹ̀ bàtà 4 ní ìbú, 4 ní gígùn, àti 4 ní gíga. Bí ó bá kéré ju èyí lọ, kì í sábà gbóná tó. Kí ó tutù bí aṣọ tí a ti fún: bí a bá bu ẹ̀kúnwọ́ kan tí a sì fún un, kí omi kán lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, kí ó má ṣe ṣàn.

Láàárín ọjọ́ mélòó kan òkìtì yóò gbóná. Kí a fi ọ̀pá irin gún àárín rẹ̀, kí a sì fà á yọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ọwọ́ kò bá lè gbà á mú pẹ́, iṣẹ́ ń lọ. Ooru yìí ni ó ń pa kòkòrò àrùn. Ṣùgbọ́n àárín nìkan ni ó ń gbóná bẹ́ẹ̀. Etí òkìtì kì í gbóná tó. Nítorí náà ni a fi ń yí i padà, tí a ń kó ti òde sí inú àti ti inú sí òde. Ní Amẹ́ríkà, òfin àwọn àgbẹ̀ tí kì í lo kẹ́míkà béèrè pé kí irú òkìtì bẹ́ẹ̀ gbóná tó òṣùwọ̀n 55 ti Celsius fún ọjọ́ 15, kí a sì yí i padà ní ìgbà 5 ó kéré tán nínú ọjọ́ wọ̀nyí. Kí àwa náà mú un ní àpẹẹrẹ. Lẹ́yìn èyí, kí a fi í sílẹ̀ kí ó tutù kí ó sì gbó. Bí a bá to òkìtì ní oṣù kẹwàá, kí a máa retí rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kìíní.

A ó mọ̀ pé ó ti gbó nígbà tí kò bá gbóná mọ́, tí ó dúdú, tí a kò sì lè mọ èyí tí í ṣe èèpo àti èyí tí í ṣe ewé mọ́, tí òórùn rẹ̀ sì dà bí ti ilẹ̀ inú igbó lẹ́yìn òjò. Bí ó bá ṣì ń rùn, kò tíì tó.

Èrè mìíràn wà nínú iṣẹ́ yìí. Àrùn tí ń sọ èso kòkó di dúdú lórí igi a máa fi òkìtì èèpo tí a kó jọ sínú oko ṣe ibùgbé. Nígbà tí a bá kó èèpo jáde tí a sì jẹ́ kí ooru ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, a ti gba ibùgbé náà lọ́wọ́ rẹ̀.

III. Bí a ti ń rẹ ẹ́

Kí a wá àgbá tàbí garawa mímọ́. Èyí tí a ti fi po oògùn kòkó rí, bí a tilẹ̀ fọ̀ ọ́ ní ìgbà méje, kò yẹ fún iṣẹ́ yìí. Kí a bu ìwọ̀n kan ilẹ̀dú sínú àpò kòkó tí ó mọ́, kí a so ẹnu rẹ̀, kí a sì rì í sínú ìwọ̀n omi mẹ́wàá. Omi òjò ni ó dára jùlọ. Bí ó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ, kí a fi í sílẹ̀ ní ojú gbangba di ọjọ́ kejì kí a tó lò ó.

Kí a máa fi igi rò ó ní òwúrọ̀, ní ọ̀sán àti ní ìrọ̀lẹ́, kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀, kí a sì fi aṣọ bo ojú rẹ̀ kí ẹ̀fọn má bàa yé sí i. Lẹ́yìn ọjọ́ kan, tàbí méjì ó pọ̀ tán, kí a fa àpò yọ. Bí omi náà bá dúdú, kí a bu omi mìíràn lù ú títí yóò fi dà bí tíì tí kò nípọn. Kí a lò ó tán ní ọjọ́ náà. Èyí tí a bá gbé pamọ́ a máa bàjẹ́, a sì máa rùn; kí a dà irú rẹ̀ padà sórí òkìtì, kí a má ṣe gbé e dé ìdí ẹ̀fọ́. Ilẹ̀dú tí ó kù nínú àpò kò tíì di asán. Kí a kó o sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Àwọn kan a máa fi ṣúgà sí i, wọ́n ní kí ó lè lágbára. Kí a yẹra fún èyí. Ní 2004 ni ìgbìmọ̀ kan tí a yàn ní Amẹ́ríkà láti wádìí ọ̀ràn yìí kìlọ̀ pé irú adùn bẹ́ẹ̀ lè mú kí kòkòrò àrùn díẹ̀ tí ó ṣẹ́kù nínú ilẹ̀dú di púpọ̀. Ẹni tí ó fi ṣúgà sí omi ilẹ̀dú kò mọ àlejò tí òun ń se àsè fún.

IV. Bí a ti ń lò ó

Ìdí ewéko ni kí a dà á sí, kì í ṣe orí ewé, pàápàá ewé tí a ń jẹ. Olùṣọ́gbà tí a kà nípa rẹ̀ nínú Ìhìn Rere Lúùkù orí 13, ìdí igi ọ̀pọ̀tọ́ ni ó fẹ́ wà, ibẹ̀ náà ni ó sì fẹ́ bu ilẹ̀dú sí. Kí ilẹ̀ ti tutù ṣáájú, kí ó sì jẹ́ ìrọ̀lẹ́ tàbí òwúrọ̀ kùtùkùtù. Bí òjò bá ṣú, kí a dúró; bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àgbàrá ni a ó bọ́.

Ìdajì lítà tó fún ìdí ata tàbí tòmátì kan ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Fún ọmọ kòkó tí ó wà nínú ọ̀rá, kí a bu omi lù ú sí i, kí a sì fún un ní ìwọ̀nba díẹ̀. Ẹ̀fọ́ tí a bá já, kí a fi omi tí ó mọ́ fọ̀ ọ́ dáadáa.

Ní ti ìgbẹ́ tútù, ẹ jẹ́ kí a fi ọjọ́ ṣe ìṣirò. Òfin Amẹ́ríkà tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan béèrè pé kí ìgbẹ́ tútù ti wà nínú ilẹ̀ fún ọjọ́ 120 kí a tó kórè ohun jíjẹ tí ó fara kan ilẹ̀, àti ọjọ́ 90 fún èyí tí kò fara kàn án. Tẹ̀tẹ̀ wa kì í ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í já a. Ó hàn gbangba, nígbà náà, pé omi ìgbẹ́ tútù kò ní àyè kankan nínú ọgbà ẹ̀fọ́.

V. Ohun tí kò lè ṣe

Kò yẹ kí a fi ìlérí ńlá tan ẹnikẹ́ni jẹ. Oúnjẹ inú omi ilẹ̀dú kò pọ̀. Pòtáṣíọ̀mù a máa yọ́ sínú omi kánkán, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú náítírójìn a máa kù sínú ilẹ̀dú fúnra rẹ̀. Garawa kan kò lè bọ́ odindi oko kòkó, kò sì lè wo àrùn èso dúdú sàn. Ọgbà ẹ̀yìnkùlé àti ọmọ igi ni ó wà fún.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, omi kò lè gba ipò ilẹ̀dú. Àwọn baba wa gbé orí òkè láàárín àpáta, kí ìlú tó sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Àwa tí a wà ní Òdòdè, ní Aládé àti ní Àtòsìn lónìí ṣì ń dáko ní ẹsẹ̀ àpáta wọ̀nyí. Níbi tí ilẹ̀ bá ti fẹ́lẹ́ lórí òkúta, ilẹ̀dú ni ó ń dì í mú tí òjò kò fi gbá a lọ, òun ni ó sì ń mú kí omi dúró nínú rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nítorí náà, bí òkìtì bá gbó, kí a kó èyí tí ó pọ̀ jù sínú ilẹ̀ bí ó ti wà, kí a sì rẹ díẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe wí pé iṣẹ́ tálákà ni èyí. Ní Àjàṣẹ́, tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo, ni Godfrey Nzamujo, àlùfáà Ìjọ Àgùdà, ti dá ibùdó Songhai sílẹ̀ ní 1985. Ní ibẹ̀, ohun tí ó bá jáde láti apá kan oko gẹ́gẹ́ bí pàǹtí ni ó ń wọ apá kejì gẹ́gẹ́ bí oúnjẹ, àwọn ọ̀dọ́ sì ń lọ láti kọ́ ẹ̀kọ́ náà. Èèpo tiwa kò yàtọ̀ sí tiwọn. Ìkórè ọdún yìí yóò fi èèpo sílẹ̀ fún wa bí ti àtẹ̀yìnwá. Kí a tọ́jú àdá sílẹ̀ láti gé e.

Ìbéèrè fún kíláàsì

1. Kí ni omi eérú ọṣẹ dúdú kọ́ wa nípa omi ilẹ̀dú?
2. Èé ṣe tí a fi ń yí òkìtì padà, bí àárín rẹ̀ tilẹ̀ ti gbóná?
3. Ọ̀nà mélòó ni a lè fi mọ̀ pé ilẹ̀dú ti gbó? Kí akẹ́kọ̀ọ́ lọ wo òkìtì kan, kí ó sì jẹ́rìí ohun tí ó rí.
4. Ìyá kan fẹ́ rẹ ìgbẹ́ adìẹ tútù fún tẹ̀tẹ̀ rẹ̀. Ìmọ̀ràn wo ni ẹ ó fún un, ìdí wo ni ẹ ó sì sọ?
5. Bí òjò bá ń ṣú ní ìrọ̀lẹ́ tí omi ilẹ̀dú pé, kí ni ó yẹ kí a ṣe?