Àjọkẹ́, Ẹkún Ni O Ò Sun

Àjọkẹ́, fi fóònù yẹn sílẹ̀. Jókòó síbí, kí n rí ojú rẹ. Mo ti gbọ́ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Màìlì 12 láàárọ̀ yìí. Kí n tó rìn dé Sangisa níbí làwọn tí ẹ jọ ń tajà ti ròyìn ẹ fún mi tán. Oníbàárà rẹ ọjọ́ pípẹ́ fọwọ́ tẹ tòmátì wò, ó ní ó ti ń rọ̀. Ṣé ọ̀rọ̀ ìjà nìyẹn? Tòmátì tó ti Kánò wá, tó sùn sínú ọkọ̀, tí wọ́n to apẹ̀rẹ̀ lé apẹ̀rẹ̀ lé e lórí, kí ni kò ní jẹ́ kó rọ̀? Ìwọ náà kúkú mọ̀. Ojoojúmọ́ lò ń ṣa èyí tó rọ̀ sọ́tọ̀, tí ò ń tà á pọ́ọ́kú fún àwọn olóńjẹ. Ṣùgbọ́n lónìí o da odidi apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, o ní kí ìyá oníyàá máa lọ. Ta ni yóò san owó apẹ̀rẹ̀ yẹn?

Má dá mi lóhùn. Mi ò tíì parí.

Tòmátì kọ́ lò ń bínú sí. Abọ́ tí ọmọ rẹ fọ́ náà kọ́, èyí tó o torí ẹ̀ nà án títí àwọn ará ilé fi wá ń bẹ̀ ẹ́. Àtìgbà tá a ti sin ẹ̀gbọ́n mi ni mo ti ń wò ẹ́. Lọ́jọ́ ìnáwó ìyá rẹ, ìwọ lo gbowó aṣọ ẹbí, ìwọ lo yanjú owó kánópì, ìwọ náà lo tún dúró ti àwọn alásè kí wọ́n má baà kó ẹran sá lọ. Wọ́n ní òkú àgbà ni, ijó la fi ń sin ín. O jó, wọ́n ná ẹ lówó, gbogbo wa ń yìn ẹ́ pé obìnrin bí ọkùnrin. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ìwọ ríran ní tìẹ, Àjọkẹ́. Ẹkún ni o ò sun.

Wò ó, o ò sùn mọ́ lóru. Ọbẹ̀ ọjọ́ Sátidé, iyọ̀ tó o dà sí i pọ̀ débi pé omi la fi gbé e mì. Ìwọ jẹ tìẹ tán, o ò mọ̀. O gbààwẹ̀, o gun òkè àdúrà, mi ò bá ẹ jà, èmi náà ń gbàdúrà. Ṣùgbọ́n tó o bá débẹ̀, owó ọjà lò ń bẹ Ọlọ́run fún. O ò sọ fún Un lọ́jọ́ kan pé àárò ìyá rẹ ń sọ ẹ́.

Mo wá ní ká lọ rí dókítà, o ní, “Àǹtí, ṣé mo ti ya wèrè tẹ́ ẹ fẹ́ gbé mi lọ sí Yaba Left ni?” Ọmọ Ẹ̀gbá ló sọ bẹ́ẹ̀ o! Ìlú tó bí Adéoyè Lambo ló bí ẹ. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1923, ó lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Birmingham, ó sì padà wálé. Lọ́dún 1954, ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Arò, kò ti aláìsàn mọ́lé. Àárín àwọn àgbẹ̀ ló fi wọ́n wọ̀ sí, ní àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká. Wọ́n á wá gba ìtọ́jú, wọ́n á tún padà sáàárín èèyàn. Ẹbí ẹni gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ni wá, á máa se oúnjẹ, á máa fọṣọ. Àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ náà, ó pè wọ́n, wọ́n jọ ṣiṣẹ́. Ọkùnrin yìí di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ìwọ wá ń fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́.

Kò sì dìgbà téèyàn bá ń já sọ́jà kó tó wá ẹni tí yóò gbọ́ tẹnu ẹ̀. Ní Zimbabwe, aláìsàn dókítà kan, Dixon Chibanda, kú nítorí pé kò rówó ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó dun dókítà yìí dọ́kàn. Lọ́dún 2006 ó kó ìyá àgbà 14 jọ ní Mbare, ní ìlú Harare, ó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń gbọ́ tẹnu èèyàn, ó ní kí wọ́n jókòó sórí bẹ́ńṣì nínú ọgbà ilé ìwòsàn. Àwọn arúgbó bíi tèmi! Ẹni tí ìrònú bá ti borí á kó gbogbo ẹ̀dùn rẹ̀ kalẹ̀, wọ́n á ní kó mú ẹyọ kan tí wọ́n á kọ́kọ́ yanjú. Nígbà tí wọ́n wádìí ẹ̀ lára èèyàn 573, tí èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2016, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà ara àwọn tó jókòó síbẹ̀ yá ju ti àwọn yòókù lọ.

Ó dáa, èwo ni tìẹ? Kí n bá ẹ mú un: ìpè tí o ò gbé.

Ṣé o rò pé mi ò mọ̀ ni? Ọ̀dọ̀ mi ni ìyá rẹ wà láàárọ̀ ọjọ́ tó kú. Ó pè ẹ́ títí, ọkọ̀ tòmátì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, o ò gbé e. Nígbà tó o máa fi pè padà, ó ti bọ́. Látìgbà náà, gbogbo ẹni tó bá ti fẹnu kan tòmátì rẹ lò ń bá jà. Àjọkẹ́, ta lò ń bá jà gan-an? Mo rò pé ara rẹ ni. Ó dáa, gbọ́ ohun tó fẹ́ sọ. Ṣọ̀mbọ̀ ló fẹ́ kó o rà bọ̀. Ṣọ̀mbọ̀! Ó tún rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ọmọ mi ń rí tajà lónìí, kò ráyè tèmi.” Inú rẹ̀ dùn ni.

Ẹ̀n-ẹ́n. Sun ún. Sun ún dáadáa, kò sẹ́ni tó ń lé ẹ. Ẹ̀gbọ́n mi ni, èmi náà kò tíì sun tèmi tán.

Tó bá di ọjọ́ Mọ́ńdè, a ó wọkọ̀ ní Kétu, ó di Yaba. Ilé ìwòsàn tó ti wà láti ọdún 1907, ṣé alásínwín nìkan ni wọ́n ń wò níbẹ̀ ni? Èmi ni mo máa tẹ̀lé ẹ. Tójú bá sì ń tì ẹ́, tá a bá pàdé ẹnikẹ́ni láti Sangisa, sọ fún wọn pé èmi lo gbé wá. Wọ́n á gbà ẹ́ gbọ́ kíá.