Ẹ̀KỌ́ WA: Ẹ YẸ̀ Ẹ́ WÒ KÍ Ẹ TÓ DÀ Á NÙ

Kí Nehemáyà tó tún odi Jerúsálẹ́mù kọ́, ó kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò ní òru (Neh. 2:11-16). Bẹ́ẹ̀ ni kí a ṣe nígbà tí a bá gba ilé tí wọ́n ti pa tì.

Ní Asylum Road, ní Peckham wa níhìn-ín, bọ́ǹbù ba ilé ìsìn kan jẹ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Nígbà tí wọ́n ṣí i padà ní 2010, òkúta ìrántí àwọn òkú ṣì wà lára ògiri rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, kì í ṣe gbogbo ohun tí a bá nílẹ̀ ni pàǹtí. Lẹ́tà àti fọ́tò lè ní ẹbí tí ń wá wọn. Ilé tí wọ́n kọ́ ṣáájú ọdún 2000 sì lè ní asbestos, tí eruku rẹ̀ ń pani. Kí a má fọ́ ọ. Kí a pe ẹni tó mọ iṣẹ́ náà.